Ọkọ̀ Ìtì-Igi Orí Ọ̀sà Chesapeake: Ta Ló Gbẹ́ Ẹ, Ta Ló sì Ń Fi Í Díje?

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ìtàn ọkọ̀ ìgbòkun kan wò, èyí tí wọ́n fi ìtì igi gbẹ́ ní àgbègbè Chesapeake, ní ìpínlẹ̀ Maryland àti Virginia ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ iṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ eré ìje ni lónìí. Èrò wa ni pé eré ìje ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà parun, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí eré ìje bí kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọwọ́ wọn wà nínú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Oríṣi ẹ̀rí mẹ́ta ni a lò: ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ìwé tí Frederick Douglass kọ, àti ìtàn àtẹnudẹ́nu.

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá dé ìlú St. Michaels ní Maryland ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nígbà ooru, ó ṣeé ṣe kó bá àwọn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan pàdé lórí odò Miles. Òpó méjì tó dagun sẹ́yìn ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìgbòkun tí wọ́n sì ta sórí òpó náà tóbi ju ohun tí ojú lè gbà pé irú ara ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gbé. Ènìyàn bíi mẹ́jọ sí méjìlá ló ń wà á, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn jókòó sí. Pátákó gígùn ni wọ́n fi há etí ọkọ̀ kan, tí wọ́n wá nà án kọjá etí kejì sójú òfurufú. Orí pátákó náà ni wọ́n rá jáde sí, kí ìwúwo ara wọn lè dá ọkọ̀ dúró lòdì sí agbára afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀ lójijì, kí wọ́n sáré padà wọlé ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á dà sí ọ̀dọ̀ wọn. Ó sì máa ń dà. Dídà rẹ̀ kì í ṣe ìròyìn níbẹ̀ rárá. Kódà, bí òpó rẹ̀ bá wà ní ìdúró, kò ṣeé so mọ́ èbúté kí gbogbo ènìyàn jáde nínú rẹ̀, torí òun nìkan kò lè dá dúró lórí omi.

Ọkọ̀ ìtì-igi ni a ó máa pè é nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìtì igi ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe pákó. Chesapeake tó ń gbé orí rẹ̀ jẹ́ apá òkun tó yà wọ inú ilẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 320 kìlómítà. Ọ̀sà ni a ó máa pè é fún ìrọ̀rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ṣí gbayawu sí òkun Àtìláńtíìkì, tí ó sì gbòòrò ju ọ̀sà Èkó lọ fíìfíì.

Kí ló wá kan àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ nínú ọkọ̀ àwọn ará Maryland? Ìdáhùn mi ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni a sábà máa ń gbà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìtàn òwò ẹrú. A ó mú wọn dé etíkun, a ó kó wọn sínú ọkọ̀ òyìnbó, a ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú oko òwú tàbí oko ìrèké, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ parí sí. Ìyà nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rántí. Ìmọ̀ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kì í hàn, pàápàá ìmọ̀ omi. Ọkọ̀ yìí jẹ́ ibi tí ìmọ̀ náà ti ṣeé fojú rí.

Láti igi kan dé igi márùn-ún

Àwọn ọmọ onílẹ̀ etíkun náà, àwọn tí ń sọ èdè Algonquian, ti ń gbẹ́ ọkọ̀ kí òyìnbó tó dé. Nǹkan bí ọdún 1585 ni ayàwòrán kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John White, ya àwòrán ìgbésí ayé wọn ní etíkun Carolina tó wà ní gúúsù Chesapeake, nígbà tó sì di 1590, Theodor de Bry tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìwé Thomas Hariot. Ọ̀kan nínú wọn fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ hàn. Iná ni wọ́n fi ń jó igi náà lulẹ̀, iná náà ni wọ́n ń dá sí inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á sì máa fi ìkarahun ẹran omi ha ibi tó ti jóná kúrò títí inú yóò fi jìn. Kò sí irin níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ yìí rọrùn, kó gbìyànjú kí ó dá iná sórí igi tútù kí ó má jẹ́ kó jó kọjá ibi tó fẹ́.

Ní 1607 àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí Jamestown ní Virginia. Odò ni ọ̀nà gbogbo agbègbè náà, kò pẹ́ tí àwọn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọkọ̀ onílẹ̀. Àáké àti irin ìgbẹ́gi dípò iná àti ìkarahun, ṣùgbọ́n èrò inú iṣẹ́ náà kò yí padà: igi kan, ọkọ̀ kan. Ìṣòro irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá mọ àwọn agbẹ́kọ̀ọ́ Ìlàjẹ tàbí ti Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ kò lè fẹ̀ ju igi tí wọ́n gbẹ́ ẹ lára rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù púpọ̀, tó tún fẹ́ ta ìgbòkun, nílò ọkọ̀ tó fẹ̀, igi páìnì etíkun Amẹ́ríkà kì í sì í sanra tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n to ìtì igi pọ̀. Méjì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà mẹ́ta, márùn-ún. Àwọn mìíràn tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á gbẹ́ ìtì àárín kí ó di ìpìlẹ̀, wọ́n á gbẹ́ àwọn ti ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ara ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀, wọ́n á wá kàn wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Títẹ̀ tí mo sọ yìí kì í ṣe pé wọ́n tẹ igi náà o. Wọ́n gbẹ́ ẹ ni. Pákó ṣeé tẹ̀. Ìtì igi kò ṣeé tẹ̀. Gbogbo ibi tó bá ti yí lára ọkọ̀ náà, àáké ló yí i, ojú ìsopọ̀ ìtì kan sí èkejì sì gbọ́dọ̀ bá ara mu láti orí dé ìdí kí omi má baà wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn agbẹ́kọ̀ọ́ náà kò lo àwòrán tí a ya sórí ìwé. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ta ló kọ́kọ́ ronú àtiso ìtì pọ̀? Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan ní agbègbè York ní Virginia sọ pé ẹrú kan tó ń jẹ́ Aaron ni. Orúkọ kan ṣoṣo yẹn ni ìtàn fi sílẹ̀ fún un. Kò sí orúkọ bàbá, kò sí ọjọ́ ìbí, kò sí ọkọ̀ kan tí a lè nawọ́ sí pé òun ló gbẹ́ ẹ. Òpìtàn tó bá le lè sọ pé irú ẹ̀rí báyìí kò tó nǹkan. Èmi rò pé ó yẹ kí á béèrè ìbéèrè mìíràn: èrè wo ni yóò wà fún àwọn aláwọ̀ funfun tó ni ilẹ̀ àti ìwé ní Virginia láti sọ iṣẹ́ ọpọlọ di ti ẹrú, bí kò bá jẹ́ pé òkìkí ọ̀gbẹ́ni náà ti kàn ju ohun tí wọ́n lè pa mọ́ lọ? Mi ò sọ pé èyí fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ tán. Mo sọ pé ó yẹ kí á gbé e sórí òṣùwọ̀n kan náà tí a fi ń gbé ìtàn àtẹnudẹ́nu tiwa.

Ó yẹ kí á tún ṣọ́ra ní ibì kan. Ìdánwò kan wà fún àwa tí a ń sọ Yorùbá láti sọ pé ọmọ wa ni Aaron. Kò sí ohun tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Virginia àti Maryland ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún wá láti agbègbè Biafra àti Senegambia. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú jù lọ, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, Brazil àti Cuba ni wọ́n kó wọn lọ, nígbà yẹn Amẹ́ríkà sì ti fi òfin de kíkó ẹrú wọ̀lú láti 1808. Àwọn ará Senegambia àti ti ẹkùn Niger náà mọ ọkọ̀ gbígbẹ́ dunjú. Ìyẹn ti tó wa.

Ọkọ̀ tí Douglass fẹ́ wọ̀

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú àti ọkọ̀ Chesapeake wà nínú ìwé tí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò déédéé láìfi ojú ọkọ̀ wò ó. Frederick Douglass, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Talbot, Maryland, ní 1818, tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní 1845. Ó sọ níbẹ̀ pé ní 1836, nígbà tí wọ́n fi òun ya William Freeland ní ìtòsí St. Michaels, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun gbìmọ̀ àtisá. Wọ́n á gbé ọkọ̀ ńlá kan tó jẹ́ ti ọ̀gbẹ́ni Hamilton ní alẹ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, wọ́n á wà á gba ọ̀sà Chesapeake lọ sí ìhà àríwá fún nǹkan bíi máìlì 70 sí 80. Tí wọ́n bá dé orí ọ̀sà, wọ́n á ti ọkọ̀ náà kí omi gbé e lọ, wọ́n á wá máa fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé ìràwọ̀ àríwá.

Ìdí tó fi yan omi ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Ó ní bí àwọn bá gba orí ilẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ aláwọ̀ funfun ló lè dá àwọn dúró. Ṣùgbọ́n lórí omi, àwọn tó bá rí àwọn yóò rò pé apẹja ni àwọn. Ẹ jẹ́ kí á tú gbólóhùn yìí wò. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú mélòó kan nínú ọkọ̀ ńlá kò bá ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu lórí Chesapeake ní 1836, a jẹ́ pé irú rẹ̀ wọ́pọ̀ lójú gbogbo ènìyàn nìyẹn. Douglass kò kọ ìwé láti fi ìyẹn hàn wá. Ó kàn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹní mọ̀ pé oòrùn yóò yọ ni. Nínú iṣẹ́ ìtàn, irú ẹ̀rí tó já bọ́ láìròtẹ́lẹ̀ báyìí wúlò ju èyí tí ẹni kan dìídì kọ sílẹ̀ láti fi gbèjà ara rẹ̀ lọ.

Ìgbìmọ̀ náà tú. Ẹnì kan ti ta wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n dè wọ́n, wọ́n fẹsẹ̀ rin wọ́n lọ sí ẹ̀wọ̀n Easton. Lójú ọ̀nà ni wọ́n jẹ ìwé ìyọ̀ǹda tí Douglass fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún wọn mọ́ búrẹ́dì kí ẹ̀rí má baà sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dá a padà sí Baltimore, tí wọ́n fi í sínú ọgbà ìkànkọ̀, níbi tó ti kọ́ bí a ṣe ń dí ojú ìsopọ̀ pákó ọkọ̀ pa. Ní 1838 ó sá lọ ní tòótọ́, nínú ọkọ̀ ojú irin, nínú aṣọ awakọ̀ ojú omi, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí awakọ̀ tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọkọ̀ Hamilton wà ní èbúté. Kò sẹ́ni tó mọ ìtì mélòó ló wà lára rẹ̀, Douglass kò kà á.

Iṣẹ́, òfin àti ìgbòkun

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ yìí pọ̀ jù lọ. Ohun tó sọ ọ́ di púpọ̀ ni ọ́ísítà, ẹran omi tí ń gbé inú ìkarahun méjì, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn púpọ̀, tí wọ́n sì ti ń rọ sínú agolo, tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé lọ sí gbogbo ilẹ̀. Apẹja kan tàbí méjì á dúró sínú ọkọ̀ ìtì-igi, wọ́n á ki ẹ̀mú ọlọ́wọ́ gígùn bọ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n á máa fi wa ọ́ísítà bọ̀ lókè. Ní 1880, iye ọkọ̀ ìtì-igi tí wọ́n fojú bù pé ó wà lórí ọ̀sà náà lé ní 6,000. Láàárín àwọn ọdún 1880 náà ni iye ọ́ísítà tí wọ́n ń kó ní Maryland dé òkè téńté, kó tó di pé ó ń já wálẹ̀.

Òfin kan kó ipa tí àwọn tó ṣe é kò rò. Ní 1865, Maryland gbà kí àwọn tó bá gba ìwé àṣẹ máa fi àwọ̀n onírin wọ́ ọ́ísítà nílẹ̀ omi, ṣùgbọ́n ìgbòkun nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wakọ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fẹ́ dá àwọn tó lówó dúró kí wọ́n má baà kó ọ́ísítà tán. Èyí mú kí wọ́n nílò ọkọ̀ ìgbòkun tó tóbi, wọ́n sì sọ ọkọ̀ ìtì-igi di ńlá: ìtì méje, ìtì mẹ́sàn-án, tí wọ́n bò lókè, tí ènìyàn lè sùn sínú rẹ̀. Òfin náà kò tíì rọ̀ títí di 1967. Bí ìgbòkun ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí Chesapeake nìyẹn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gba ibi púpọ̀ láyé.

Ọkọ̀ kékeré kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún, wọ́n yọ òpó ọ̀pọ̀ wọn kúrò, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí i. Igi páìnì ńlá ti wọ́n. Ọkọ̀ oní-pákó rọrùn láti kàn, owó rẹ̀ sì kéré. Ó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ ìtì-igi di ohun tí wọ́n fi ń gbin òdòdó sí iwájú ilé.

Eré ìje

Láti ìgbà iṣẹ́ ni wọ́n ti ń díje. Apẹja tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ní ìrètí owó tó dára, kò sì sí ọkùnrin méjì tí yóò ta ìgbòkun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn tí ọ̀kan ò ní fẹ́ ṣáájú. Díẹ̀díẹ̀ ni ìdíje di ohun tí wọ́n dá ọjọ́ fún, àwọn agbẹ́kọ̀ọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àwọn kan pẹ̀lú ìdíje lọ́kàn. Ní erékùṣù Tilghman, William Sidney Covington gbẹ́ Island Bird ní 1882, ó sì gbẹ́ Island Blossom ní 1892. Àwọn méjèèjì ṣì ń díje. Ní 1985, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ orúkọ wọn àti ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn sínú ìwé àwọn ohun ìtàn orílẹ̀-èdè náà.

Láàárín àwọn ọdún 1920 àti 1930 ni ẹgbẹ́ àti ife-ẹ̀yẹ mú ìdíje náà dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lónìí, àwọn tó kù tí ń díje kò tó ọgbọ̀n. Òpó tuntun ni, ìgbòkun tuntun ni, okùn oníkẹ́míkà ni; apẹja kọ́ sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń gun orí pátákó. Àwọn kan ń bínú sí èyí, wọ́n ní ohun ìṣeré ni wọ́n fi irin-iṣẹ́ baba wọn ṣe. Mi ò bá wọn bínú. Ká ní kò sí ìdíje, igi yẹn ì bá ti jẹrà. Ohun tí mo rí sí i ni pé àkọsílẹ̀ ìdíje mọ irú ìbéèrè mélòó kan péré: ta ló gbẹ́ ẹ, ọdún wo, ta ló ni ín, ta ló borí? Covington ní ìdáhùn sí gbogbo wọn. Aaron kò ní sí ìkankan. Bí a bá fi àkọsílẹ̀ ìdíje nìkan kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìtàn ọkọ̀ yìí yóò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 1880, àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni yóò sì wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kò jìnnà síbẹ̀ ni Downes Curtis wà. Aláwọ̀ dúdú ni, ní ìlú Oxford ní Talbot kan náà, aránṣọ ìgbòkun ni òun àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ Albert. Ọ̀dọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni ó ti kọ́ ọ, ó sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi kú ní 1996, fún ọkọ̀ iṣẹ́ àti ọkọ̀ fàájì. Ilé tó ti ń rán an ti jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ìlú náà rí. Ìgbòkun kì í sì í pẹ́ bí ìtì igi. Bó bá gbó, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, orúkọ ẹni tó rán an á bá a lọ.

Ìmọ̀ tó wà lára igi

Ní kíláàsì NCE, ohun tí mo dámọ̀ràn ni pé kí a gbé ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: àwòrán de Bry, ojú ìwé Douglass, àti àwòrán Island Bird. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tó mọ̀ àti ohun tó dákẹ́ lé lórí. Bí ibẹ̀ bá wà ní ìtòsí odò, kí wọ́n lọ bá agbẹ́kọ̀ọ́ kan, kí wọ́n béèrè irú igi tó ń lò àti ìdí tó fi ń lò ó. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ igi lè bá wọn lọ, nítorí ìbéèrè kan wà tí ìwé kò lè dáhùn: báwo ni ojú ṣe ń wọn ohun tí kò sí àwòrán rẹ̀?

Wọ́n ti bá ìbéèrè yẹn pàdé ní St. Michaels. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1965 ní ọkọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Edna E. Lockwood, oní-ìtì mẹ́sàn-án, tí John B. Harrison gbẹ́ ní Tilghman ní 1889 fún wíwọ́ ọ́ísítà. Harrison kan náà ló gbẹ́ ọkọ̀ ìdíje Jay Dee ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà. Nígbà tí ìtì ìsàlẹ̀ Lockwood jẹrà, àwọn oníṣẹ́ ilé náà pinnu láti má ṣe fi pákó rọ́pò rẹ̀. Láàárín 2016 sí 2018, wọ́n wá ìtì páìnì ńlá mẹ́sàn-án, wọ́n sì gbẹ́ ìsàlẹ̀ mìíràn. Harrison ti kú tipẹ́, kò sì sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí lójú ayé wọn. Ọ̀dọ̀ ìtì àtijọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́: wọ́n wọn ibi tó nípọn àti ibi tó fẹ́lẹ́, wọ́n wo bí ìtì kan ṣe fara ti èkejì. Ní oṣù kẹwàá 2018, Lockwood padà sínú omi. Wọn kò sì ju ìsàlẹ̀ àtijọ́ náà nù. Wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ nínú ọgbà ilé náà, níbi tí ojú àáké Harrison ti ṣeé fọwọ́ kàn.